Áńtẹ́nà olórùka fún ìgbì kúkúrú n'Íbàdàn: ká rà á ni, àbí ká ṣe é?

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ rédíò ìgbì kúkúrú n'Íbàdàn lónìí, ariwo iná ló máa bá jà ju ọ̀nà jíjìn lọ. Ẹ tan rédíò lálẹ́ ní Mọ́kọ́lá tàbí Bódìjà, kí ẹ gbé e sí àárín 9.4 MHz sí 9.9 MHz (ìgbì mítà 31), kí ẹ fa eriali ara rẹ̀ jáde tán. Ínfátà àti ṣájà tó ń kùn bí oyin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ wá dúró di ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò tó gbéra, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́, ilé-iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀ á sì jáde kedere. Torí náà, bí a bá ń yẹ áńtẹ́nà wò ní ìlú yìí, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni irú ariwo tó lè fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Áńtẹ́nà olórùka mẹ́ta la fi wé ara wọn níbí. Àkọ́kọ́ ni MLA-30+ tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, èyí tí àwọn tó ń gbọ́ ìgbì kúkúrú mọ̀ bí ẹni mowó. Èkejì ni YouLoop ti Airspy. Ẹ̀kẹta ni èyí tí èèyàn á fi páìpù kọ́pà àti tìràńsísítọ̀ méjì ṣe fúnra rẹ̀.

Bí òrùka ṣe ń gbọ́ràn ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ fojú inú wo táyà kẹ̀kẹ́ tó dúró nílẹ̀. Ibi tí táyà yẹn lè yí gbà lọ, níwájú àti lẹ́yìn, ni òrùka ti ń gbọ́ jù. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń wo ihò àárín rẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ adití ló dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ adití yìí tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju dígírì díẹ̀ lọ, nítorí náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ la fi ń yí òrùka wá a. Ariwo tó ń ti ilé aládùúgbò bọ̀ ń fẹ́ẹ̀ rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ adití sì lè pa á. Ìgbì tó ń bọ̀ láti Yúróòpù tàbí láti erékùṣù Ascension ń já wá láti ojú sánmà, kì í bá ọ̀nà kan náà wá, kò sì ní kú pẹ̀lú ariwo yẹn. Èrè tó wà nínú òrùka nìyẹn. Àwọn kan máa ń tà á bí ẹni pé kì í gbọ́ ariwo rárá, torí pé ìhà mágínẹ́ẹ̀tì ìgbì ló ń gbà. Àsọdùn ni. Ẹ gbé e sẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó rí i pé tẹlifíṣọ̀n ló máa gbọ́.

Báwo ló ṣe ń gba ìgbì láti 0.5 MHz dé 30 MHz láìjẹ́ pé à ń yí nǹkan kan? Bí a ṣe ń gòkè nínú MHz, fóltéèjì tí ìgbì ń gbé sínú òrùka ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìdènà tí òrùka fúnra rẹ̀ ń fi sọ́nà ń pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀kan ń fà, èkejì ń dá a dúró, kọ́rẹ́ǹtì tó ń ṣàn kò wá fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ámpílífáyà tó máa jẹ àǹfààní yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju ohm díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, fífẹ̀ òrùka ló kù, àti inductance rẹ̀ (ohun tó ń fa ìdènà tí a sọ yẹn), tó yẹ kó kéré. Wáyà tín-ín-rín ń gbé inductance ga; páìpù tó nípọn ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: òrùka tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí wáyà rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 2, ní inductance tó tó 2.2 µH. Òrùka tó fẹ̀ ní mítà kan, tí páìpù rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 9.5, wà ní nǹkan bíi 3 µH, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó máa jáde nínú èyí ńlá jẹ́ ìlọ́po méjì ti kékeré, ìyẹn 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì ṣe lágbára sí). A kò tíì fi ámpílífáyà kankan kún un o.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí MLA-30+. Ohun tó máa ń wà nínú páálí rẹ̀ ni orí ámpílífáyà kékeré tí wọ́n dì pa, wáyà irin tí kì í dípẹtà fún òrùka bíi sẹ̀ǹtímítà 60, wáyà RG-174 mítà 10, àti àpótí kékeré tó ń gba iná 5 V láti USB tó sì ń gbé e gba inú wáyà náà lọ sókè. Àwọn tó ṣe é sọ pé ó ń gba 0.5 MHz sí 30 MHz. Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan irin léèdì rárá, tó ní rédíò Tecsun PL-330 tàbí PL-880 tó ní ihò áńtẹ́nà, tàbí RTL-SDR V4 lórí kọ̀ǹpútà (SDR ni rédíò kékeré tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣiṣẹ́), èyí ni kó rà. Ó tó, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dì í wá yẹn kọ́ ni kí ẹ ṣe lò ó n'Íbàdàn.

Iná rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Tí ẹ bá ki USB rẹ̀ bọ ṣájà fóònù, ẹ ti gbé ariwo sínú wáyà áńtẹ́nà fúnra yín. Ṣájà ń tan iná ó ń pa á lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo yẹn á sì gun ara wáyà lọ bá òrùka. Páwà báǹkì kò fi gbogbo ìgbà sàn jù ú lọ, torí pé ẹ̀rọ kan náà ló wà nínú rẹ̀ tó ń gbé 3.7 V dé 5 V. Bátìrì 6 V tó máa ń wà nínú àtùpà onígbígba-ṣájì ló dára jù. Ẹ to dáyóòdù 1N4007 méjì tẹ̀léra sí ojú pọ́sítífù rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi 0.7 V, ohun tó máa kù á wà nítòsí 5 V. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà lè kọjá 6.9 V, nítorí náà kí ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ sì fi míítà wo ohun tó ń jáde lẹ́yìn dáyóòdù kí ẹ tó so ó mọ́ áńtẹ́nà. Tó bá ṣì ju 5.25 V lọ, ẹ fi dáyóòdù kẹta kún un.

Ìkejì ni wáyà RG-174 yẹn. Ìpàdánù agbára kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Ní 30 MHz, mítà 10 kò jẹ tó 2 dB. Wàhálà rẹ̀ ni pé ara wáyà náà di áńtẹ́nà kejì. Ariwo inú ilé á gun awọ rẹ̀ lóde, á sì wọ orí ámpílífáyà. Ohun tó lè dí i nìyí: ẹ ká wáyà náà ní ìgbà 12 sí 15 sára òrùka fẹ́ráìtì (ohun dúdú tó ń dí ariwo lára wáyà) FT240-31, ọ̀kan lẹ́bàá rédíò, òmíràn ní ìdí òrùka áńtẹ́nà. FT140-43 náà ṣe é lò bí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má lo òrùka aláwọ̀ ìyeyè àti funfun tí wọ́n ń yọ nínú páwà kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ìyẹ̀fun irin ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe fẹ́ráìtì, kò sì ní dí nǹkan kan ní ìgbì kúkúrú. Àṣìṣe yìí pọ̀, torí pé òrùka yẹn ló rọrùn láti rí jù.

Ìkẹta ni FM. Ìlú tó ní Premier lórí 93.5, Amúlúdùn lórí 99.1 àti Splash lórí 105.5 kò rọrùn fún ámpílífáyà tí kò ní asẹ́ lẹ́nu. Tí agbára FM méjì bá wọlé pọ̀, ámpílífáyà á pò wọ́n pọ̀, á sì bí ọmọ tí kò sí lójú sánmà. Ẹ yọ 93.5 kúrò nínú 105.5, ó ku 12.0 MHz, inú ìgbì mítà 25 gan-an. Ẹ yọ 93.5 kúrò nínú 99.1, ó ku 5.6 MHz. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ ni ariwo gbígbòòrò tó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ohùn èèyàn àti orin, tí kò ṣeé gbọ́ yé. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá kọjú sí òpó FM, kó gbé òrùka sẹ́yìn ilé kí ògiri dí i. Kó má sì fi òrùka tó tóbi rọ́pò ti inú páálí, torí ńṣe ni yóò dá kún un. Ẹni tó bá jìnnà sí òpó lè fi páìpù mítà kan rọ́pò wáyà irin yẹn, yóò sì rí 6 dB tí a ṣírò lókè gbà.

YouLoop kò gba àlàyé gígùn. Kò ní ámpílífáyà, kò gba iná, FM kò sì lè pa á lára. Àmọ́ agbára tó ń gbé jáde kéré gan-an. Pẹ̀lú rédíò tí etí rẹ̀ mú bíi Airspy HF+ Discovery, ó dára púpọ̀. Pẹ̀lú rédíò àfọwọ́gbé, ẹ máa rò pé kò ṣiṣẹ́ ni.

Èyí tí a fọwọ́ ṣe ló wù wá jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí pé gbogbo ohun tí MLA-30+ kù sí la lè tún ṣe látilẹ̀ nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò ọmọ Bulgaria kan tí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ LZ1AQ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí irú òrùka tó ní ámpílífáyà kọ́rẹ́ǹtì báyìí, ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ kó wá iṣẹ́ rẹ̀ kà. Èyí tí a fẹ́ ṣàpèjúwe rọrùn ju tirẹ̀ lọ, ipele kan péré ló ní.

Ẹ ra páìpù kọ́pà tí àwọn tó ń tún AC àti fíríìjì ṣe máa ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní three-eighth, kí wọ́n gé mítà 3.2 fún yín. Ó máa ń wá ní kíká, nítorí náà ẹ kàn tún un ká di òrùka mítà kan. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí orúnkún, á fọ́n. Ẹ fi páìpù PVC ínṣì kan ṣe àgbélébùú tó máa gbé e dúró. Ẹ lu etí páìpù kọ́pà méjèèjì pẹlẹbẹ, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ fi bóòtì bíráàsì so ó mọ́ àpótí ike tí àwọn oníná ń lò. Ẹni tó bá rò pé òun á fi wáyà díìṣì RG-6 ṣe òrùka dípò páìpù, kó ṣọ́ra: álúmíníọ́mù ni awọ inú ọ̀pọ̀ wọn, léèdì kì í mú un. Ńṣe lẹ máa jó o tí ike rẹ̀ á yọ́, tí léèdì á yí kúrò bí omi lórí ewé kókò. Bóòtì tàbí kónẹ́kítọ̀ rẹ̀ gan-an ló lè dè é.

Nínú àpótí náà ni tìràńsísítọ̀ 2N2222A méjì wà, wọ́n dọ́gba bí ìbejì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní: emitter, base àti collector. Etí òrùka kan wọ emitter ti àkọ́kọ́, etí kejì wọ ti èkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú kàpásítọ̀ ṣẹ̀rámíìkì 1 µF. Láti emitter kọ̀ọ̀kan lọ sí ilẹ̀ (ojú nẹ́gátífù bátìrì), ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ 100 ohm. Ẹ so base méjèèjì pọ̀ sí ojú kan: 2.7 kilo-ohm láti 12 V wá síbẹ̀, 1 kilo-ohm láti ibẹ̀ lọ sílẹ̀, pẹ̀lú kàpásítọ̀ 100 nF lẹ́gbẹ̀ẹ́ base kọ̀ọ̀kan àti 10 µF kan fún méjèèjì. Tí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ẹ máa wọn nǹkan bíi 2.2 V lórí rẹ̀sísítọ̀ 100 ohm kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 22 mA. Ní kọ́rẹ́ǹtì yẹn, ẹnu ọ̀nà tìràńsísítọ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi 1.2 ohm, èyí tó kéré gan-an sí ìdènà òrùka, tó tó 18 ohm ní 1 MHz. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn.

Collector méjèèjì wọ tìràńsífọ́mà tí ẹ máa ká fúnra yín sórí òrùka fẹ́ráìtì kékeré FT50-43: wáyà mẹ́ta tí ẹ lọ́ pọ̀, ìgbà 10. Ẹ so ìparí wáyà kìíní mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wáyà kejì. Ojú ìsopọ̀ yẹn ni 12 V ń gbà wọlé, orí méjì tó kù sì lọ bá collector méjì. Wáyà kẹta ló ń gbé ohùn lọ sínú wáyà rédíò. Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni èyí. Tí ẹ bá so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìhà méjèèjì á pa ara wọn, rédíò á dákẹ́ bí òkú, fóltéèjì gbogbo á sì pé tí ẹ bá wọ̀n ọ́n. Ẹ fi àwọ̀ mẹ́ta yàtọ̀ sí àwọn wáyà náà kí ẹ tó lọ́ wọn.

Lórí tìràńsísítọ̀, ẹ má ra méjì péré. Ẹ ra mẹ́wàá, ẹ fi míítà wo hFE wọn (bí wọ́n ṣe ń gbé kọ́rẹ́ǹtì ga tó), kí ẹ yan méjì tó súnmọ́ra jù. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ìbádọ́gba wọn ló ń pa irú ọmọ FM tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ti 12.0 MHz àti 5.6 MHz. Tí ọ̀kan bá lágbára ju èkejì lọ, ìdajì iṣẹ́ ti ṣòfò. Bákan náà, 2N2222A lè ṣiṣẹ́ dé ọgọ́rùn-ún mélòó kan MHz. Tí ẹsẹ̀ base rẹ̀ bá gùn, yóò máa súfèé fúnra rẹ̀ níbi tí rédíò yín kò ti lè gbọ́, ẹ kàn máa rí i pé ó gbóná, tí ohùn sì dọ̀tí. Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kí ẹ fi 10 ohm ṣáájú base kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn tìràńsífọ́mà, asẹ́ FM: kàpásítọ̀ 100 pF sí ilẹ̀, kọ́ìlì 0.5 µH ní ọ̀nà, 100 pF mìíràn sí ilẹ̀. Fún kọ́ìlì náà, ẹ ká wáyà 0.8 mm ní ìgbà 10 sórí irin tó nípọn ní mìlímítà 7, kí ẹ fà á kó gùn ní mìlímítà 9. Asẹ́ yìí ń gé nǹkan bíi 28 dB lára FM, ó sì fẹ́ẹ̀ má fọwọ́ kan ohun tó wà lábẹ́ 25 MHz. Rédíò tàbí SDR yín ló ń dáàbò bò, kì í ṣe àwọn tìràńsísítọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbádọ́gba wọn fi ṣe kókó.

12 V ń gba inú wáyà kan náà gòkè. Nísàlẹ̀, kọ́ìlì 100 µH ló ń gbé iná wọlé, kàpásítọ̀ 100 nF ló ń gbé ohùn lọ sí rédíò. Lókè, irú méjì yẹn náà la máa tún fi yà wọ́n. Gbogbo rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi 47 mA. Bátìrì UPS 12 V, 7 Ah, á gbé e ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ kó tó béèrè ṣájì. Ẹ máa gba ṣájì rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá gbọ́ rédíò, torí pé ṣájà rẹ̀ náà ń pariwo. Ariwo pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó wà lórí ilé ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń darí ṣájì ló ti ń wá. Ẹ má so áńtẹ́nà mọ́ bátìrì ìyẹn láé.

Ẹni tó ń gbé ní ìgbèríko tó dákẹ́ lè fẹ́ ipele ámpílífáyà kejì. Láàárín ìgboro kò wúlò: ariwo tó wà lójú sánmà ti ju ariwo rédíò lọ, ẹ kàn máa gbé méjèèjì ga pọ̀ ni.

Ibi tí ẹ gbé e sí lè ju gbogbo èyí lọ. Mítà márùn-ún sí mẹ́wàá sí ilé, ní gíga mítà kan ààbọ̀ sí mẹ́ta, dára ju orí òrùlé lọ. Òrùka kò nílò gíga bíi ti wáyà gígùn. Ẹ yẹra fún ìtòsí òrùlé páànù tó ti dípẹtà, irú èyí tó pọ̀ láti Mápó títí dé Bẹẹrẹ: ibi tí páànù méjì ti pàdé tí ìpẹtà wà láàárín wọn ń ṣe bíi dáyóòdù, ó lè gba ìgbì ilé-iṣẹ́ tó lágbára kó sì tún un tú jáde ní ibi tí kò yẹ. Báńkóòní tó ní irin ààbò máa ń ba ẹ̀gbẹ́ adití jẹ́. Tí kò bá sí ibòmíràn, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí irin yẹn ní mítà kan ó kéré tán.

Kí ẹ tó dá áńtẹ́nà lẹ́bi, ẹ wá ariwo inú ilé yín. Ẹ fi bátìrì gbé rédíò, ẹ pa iná gbogbo ilé láti ojú míítà, kí ẹ gbọ́. Kí ẹ wá máa tan yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń jẹ̀bi, ṣájà fóònù àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì a sì tẹ̀ lé e.

Àwọn nǹkan kan wà tí áńtẹ́nà kankan kò lè tún ṣe. Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Máàṣì, mọ̀nàmọ́ná ń pariwo lórí gbogbo ìgbì, pàápàá ní ìgbì mítà 49 àti 41. Ọyẹ́ ni àkókò tó dùn jù. Bẹ́ẹ̀ náà la sì súnmọ́ ibi tí agbede ayé ti mágínẹ́ẹ̀tì gbà kọjá, ìdí tí Yunifásítì Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wo ìpele òkè sánmà ní àwọn ọdún 1950. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ní ìwòyí Máàṣì àti Sẹ̀tẹ́ńbà pàápàá, ohùn lè máa gbọ̀n wìrìwìrì. Ẹ má tú ámpílífáyà yín nítorí ìyẹn.

Tí òjò bá ṣú, ẹ yọ wáyà kúrò lára rédíò, kí ẹ gbé orí wáyà náà síta. Ẹ lu ihò mìlímítà 3 sí ìdí àpótí kí omi ìrì lè jáde, ẹ fi sílíkóònù dí òkè rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi má bàa tọ̀ ọ́ wọ ilé.

Bí ẹ bá parí, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ tan ṣájà tó ń pariwo sí ibi tó jìnnà tó mítà 15, ẹ wá ariwo rẹ̀ lórí rédíò, kí ẹ máa yí òrùka díẹ̀díẹ̀. Ibi kan gbọ́dọ̀ wà tí ariwo náà ti máa jábọ́ lójijì, tó sì tún máa padà tí ẹ bá yí i kọjá. Tí ẹ bá yí i ká tán tí kò sí ìyàtọ̀, wáyà yín ló ń gbọ́ rédíò, òrùka kọ́. Ẹ padà sídìí fẹ́ráìtì, kí ẹ fi ìgbà mẹ́rin márùn-ún kún iye tí ẹ ká. Ìgbà tó bá jábọ́ dáadáa, ẹ wá dúró di alẹ́, kí ẹ wá 1566 kHz (ìgbì àárín, medium wave) tí ilé-iṣẹ́ rédíò Kristẹni Trans World Radio ń gbé jáde láti Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, kí ẹ tó máa gun ìgbì mítà 31 lọ.